Gbèsè Tí Odò Jẹ Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àga. Orúnkún ń dùn mí. Kì í ṣe orúnkún àgbà o, ọmọ ọdún 53 péré ni mí. Orúnkún wúrà ni. Gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run bá dá, mo máa ń lóṣòó sínú omi tó tutù nini lórí òkè Sierra Nevada ní California, pẹ̀lú abọ́ oníke lọ́wọ́ mi, tí mò ń gbọn yanrìn bí ẹni ń ku èlùbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ẹni tó bá mọ ìtàn wa mọ̀ pé òní kọ́ la ti ń lóṣòó. Bàbá tó bí bàbá mi ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń sọ ìtàn, bàbá á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wá ní Òṣómàáló. Wọn kì í lu èèyàn, wọn kì í bú èèyàn, wọ́n kàn ń lóṣòó ni. Tó bá yá, ojú á ti onígbèsè, á sáré lọ yáwó níbòmíì wá san án. Èmi náà ń lóṣòó. Àmọ́ odò ni onígbèsè tèmi, odò ò sì lójú tó máa tì í. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé odò yìí ní lọ́yà. Òfin tó ń gbèjà rẹ̀ pọ̀ ju òkúta inú rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n wá nǹkan tó máa gbé mi jáde nílé. Mo ní kí n máa rìn yí àdúgbò ká. Ọmọ ní, “Rárá o, Dádì.” Ló bá ra abọ́ ìfọwúrà fún mi, aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rí gẹ́lẹ́gẹ̀lẹ̀ bíi páànù orí ilé. Ó ní eré ìtura ni. Mo ti ń wá ìtura náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń lo abọ́ náà, ẹ̀rín pa mí. Kí ni wọ́n ń kọ́ mi? Ní Iléṣà nígbà tí mo wà ní kékeré, ìrẹsì tí à ń jẹ kì í ṣaláìní òkúta. Màmá mi á da ìrẹsì sínú igbá, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á máa yí igbá náà jẹ́jẹ́, wọ́n á máa da ìrẹsì àti omi sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku òkúta nìkan nísàlẹ̀ igbá. Nǹkan kan náà ni. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, yanrìn lásán ò sì ju bí ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lọ. Ẹ bomi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, èyí tó wúwo á wọlẹ̀ lọ, ẹ da èyí tó fúyẹ́ nù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bá omi lọ ni màmá mi ń sè, èyí tó kù nísàlẹ̀ ni wọ́n ń dà nù. Èmi wá ń da oúnjẹ nù, mo ń ṣa òkúta. Ká ní wọ́n ṣì wà láyé ni, wọn ò ní bínú sí mi. Wọ́n á kàn rọra béèrè pé ta ni mo ṣẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé ilẹ̀ gbogbo èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tàn mí jẹ. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní California nìkan tó bí ìdajì ìpínlẹ̀ náà, ó sì ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Inú mi dùn dé egungun. Ilẹ̀ tí ò ní ọmọ onílẹ̀! Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú rí ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó létí. Wọ́n á gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á gbowó pílà, wọ́n á gbowó òrùlé, wọ́n á tún wá gbowó pé o ti kó wọlé. Àfìgbà tí mo dé òkè Sierra ni mo rí i pé ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Tibẹ̀ kàn wọ yunifọ́ọ̀mù ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín síni.

Ilẹ̀ gbogbo èèyàn yẹn kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Òkè kan lè ní bàbá mẹ́rin. Apá kan jẹ́ igbó ìjọba àpapọ̀, apá kan wà lábẹ́ àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Bureau of Land Management, apá kan jẹ́ ọgbà ìpínlẹ̀, apá kan jẹ́ ọgbà orílẹ̀-èdè, bàbá kọ̀ọ̀kan ló sì ní èèwọ̀ tiẹ̀. Nínú igbó ìjọba, ẹ lè fọ wúrà láìgba ìwé àṣẹ, tó bá ti jẹ́ ọwọ́ àti abọ́ lẹ fi ń ṣe é. Nínú ọgbà orílẹ̀-èdè, ẹ ò gbọdọ̀ mú òkúta kan ṣoṣo, àfi níbi mélòó kan bíi Whiskeytown, níbi tí ẹ ti máa gbàwé àṣẹ kí abọ́ tó kan omi. Lórí ilẹ̀ Bureau, orúkọ tí ìwé òfin fún irú iṣẹ́ mi yìí túmọ̀ sí ìlò tí ò tó nǹkan. Èmi tí mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí mo se ẹyin, tí mo wakọ̀ fún wákàtí méjì, tí mo gbé ẹ̀yìn tó ń ro mí sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òfin ní mi ò tó nǹkan.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni ilẹ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, a máa ń gbin pèrègún sí ààlà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, inú fóònù ni ààlà wà, ibi tí mò ń lọ ò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí n má tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Òfin kan wà tí Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 1872, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní olónìí. Ó ní ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, lè lọ ri òpó mọ́ ilẹ̀ ìjọba kó ní wúrà ibẹ̀ di tòun. Tó bá jẹ́ wúrà inú yanrìn odò, éékà 20 ni ti ẹnì kan. Ẹni mẹ́jọ lè pa tiwọn pọ̀ kó di 160. Owó tí wọ́n ń san lé éékà 20 yẹn lọ́dún jẹ́ $200, kó sì tó kọjá ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni o. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ẹ lè rìn lórí ẹ̀, ẹ lè jókòó jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, ẹ lè gbàdúrà níbẹ̀. Wúrà nìkan ni kì í ṣe tiyín. Ó dà bí kí wọ́n pè yín síbi ìnáwó, kí wọ́n fún yín ní àga níwájú, kí ìlù máa dún, kí wọ́n ní ẹ máa gbádùn ara yín, ẹ má ṣáà ti fọwọ́ kan ẹran.

Sátidé mi kẹta ni mo rí kọ̀rọ̀ odò kan tó dára jù lọ. Òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí omi ń kọlù, ó sì ń sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wúrà máa ń sùn sí. Mo lóṣòó. Mi ò tíì gbọn abọ́ kejì tí bàbá arúgbó kan fi yọ, onírùngbọ̀n, pẹ̀lú ajá. Ó ní ìpín òun ni mo wà. Mo ní mo ṣebí ilẹ̀ ìjọba ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ìjọba ni, ìpín òun ni. Ó fọwọ́ sí òpó kan láàárín igi, tí agolo kan wà lórí ẹ̀. Ó ní ìwé wà nínú agolo náà. Nílé wa, tí mo bá rí agolo lórí òpó nínú oko, mi ò ní súnmọ́ ọn débi pé màá ṣí i kàwé, àálè ni màá pè é. Mo bẹ bàbá. Ajá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó hàn pé ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Mo da yanrìn padà, títí kan èyí tó ti wọ inú bàtà mi.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sá lọ sí ọgbà ìpínlẹ̀. Mo ní, ibẹ̀ ò ní agolo. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà, nítorí mo ṣì fẹ́ padà lọ.

Mo débẹ̀, mo rí àyè, mo lóṣòó. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi dé. Ọmọdébìnrin ni, tí ò lè ju ọmọ mi lọ, ó dé fìlà, ó so rédíò mọ́ èjìká. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, báwo niṣẹ́?” Ọ̀rẹ́! Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi, èdè wọn ò ní “ẹ”, bó ṣe ń kí ajá náà ló ń kí bísọ́ọ̀bù. Mo ní iṣẹ́ ń lọ. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní kí lèyí?

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò ju ìgbákọ àmàlà lọ. Ṣọ́bìrì kékeré tí wọ́n fi ń gbin òdòdó ni. Ó ní irinṣẹ́ ni, pé nínú ọgbà ìpínlẹ̀, abọ́ ìfọwúrà nìkan ni irinṣẹ́ tí òfin gbà láyè.

Mo ní, “Kí ni kí n wá fi walẹ̀?”

Ó ní, “Ọwọ́ rẹ.”

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ tí mo fi ń tẹ kọ̀ǹpútà láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Mo ní ó dáa.

Ó tún wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Kí n má parọ́, mo ti bu yanrìn kún un dáadáa, torí èrò mi ni pé màá gbé e relé, màá jókòó lẹ́yìn ilé mi, màá fọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú omi gbígbóná bí ọmọ èèyàn. Ó ní kí n gbé e. Mo gbé e. Ó gbọ́ bí mo ṣe kérora. Ó ní òfin ò gbà ju pọ́ùn 15 lọ fún ẹnì kan lóòjọ́. Pọ́ùn 15! Ìrẹsì tí ìyàwó mi ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ilé ìtajà wúwo jùyẹn lọ. Ó ní kí n dà á padà. Mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ ni? Ó ní kí n ṣẹ́ 15 kù. Mo bi í bóyá ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Kò mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Bí èmi àti òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà lórí yanrìn nìyẹn, bíi pé ọjà Àtákúnmọ̀sà la wà: mo bù, ó ní ó ṣì pọ̀, mo tún bù, ó ní ó ṣì pọ̀, mo dúró, ó wò mí, mo tún bù.

Mo rò pé ó tán. Ló bá kọjú sí odò. Ó ní omi tí mo bá dà rú ò gbọdọ̀ hàn kọjá ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ibi tí mo wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọn ọ́n létí omi bíi sọ́feyọ̀, ó ń kà á sókè, èmi náà ń kà á nínú. Nígbà tó dé 20, ó bẹ̀rẹ̀, ó wojú omi. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ wò ó o, àwọn ọmọ méjì ń ta omi síra wọn ní ìsàlẹ̀ odò, ajá kan sì ń fi gbogbo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin walẹ̀ ní bèbè. Ẹrẹ̀ tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Sacramento. Mo nawọ́ sí wọn. Ó ní àwọn yẹn ò wá wúrà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ni pé ẹrẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ìrètí bá wà nínú ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ó ṣàlàyé èyí tó kù fún mi tìfẹ́tìfẹ́. Mi ò gbọdọ̀ walẹ̀ níbikíbi àfi lórí yanrìn tí àgbàrá ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Tí mo bá rí ohun tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọdọ̀ ta nǹkan tí mo bá rí. Ní ti títà yìí, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo yọ ìgò mi kékeré jáde, mo ní kó wá bá mi wo ohun tí mo fẹ́ tà. Ó gbé ìgò sójú oòrùn, ó ṣẹ́jú, ó yí i, ó tún ṣẹ́jú. Ó ní, “Óò, mo rí i!” Bí ẹ ṣe ń wí fún aboyún nígbà tó bá fàwòrán inú rẹ̀ hàn yín, tí ẹ ò rí nǹkan kan. Kò kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún mi o. Ó ní kí n máa gbádùn ọjọ́ mi.

Nígbà tí mo délé ni lẹ́tà ìjọba dé, mo sì rí òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ California lára ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí òǹtẹ̀ yẹn láìwò ó. Mo wá wò ó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ létí odò. Dígà ló gbé lọ́wọ́! Ó ń gbẹ́lẹ̀ tagbáratagbára, abọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lókè, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, Eureka, tó túmọ̀ sí “Mo ti rí i.” Láti 1849 ni ọkùnrin yìí ti ń fi irinṣẹ́ gbẹ́lẹ̀ ní gbangba gbàǹgbà, lórí ìwé ìjọba fúnra ẹ̀. Òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Minerva jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àti béárì lẹ́sẹ̀, kò bi ọkùnrin yẹn ní nǹkan kan. Kò fẹsẹ̀ wọn omi. Mo fi han ìyàwó mi. Mo ní kó wo ọkùnrin yìí. Ó ní, “Òun ti rí i. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo mú ìdílé mi lọ sí Coloma nígbà kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé n kì í ṣe aṣiwèrè àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni James Marshall, káfíńtà, ti ń kọ́ ilé ìlagi olómi fún John Sutter, tó fi rí nǹkan tó ń dán nínú omi ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní, 1848. Kò dá a lójú. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, Jennie Wimmer, ló sọ ọ́ sínú ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ tó kún fún omi eérú. Ẹni tó bá ti se ọṣẹ dúdú rí mọ ohun tí omi eérú ń fojú nǹkan rí. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, ó ń dán síbẹ̀. Inú ìkòkò ọṣẹ ni California ti jáde. Níbi tí gbogbo ayé ti gbọ́ nípa wúrà yìí, tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìpínlẹ̀ báyìí, apá kan odò nìkan lẹ ti lè fọ̀ ọ́, ọwọ́ àti abọ́ sì nìkan ni.

Àwọn tó rí i ńkọ́? Marshall kú ní 1885, kò ní nǹkan kan. Àwọn èrò tó wá wúrà ya bo ilẹ̀ Sutter, wọ́n jẹ màlúù rẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá kó lọ sí ìlà oòrùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní Washington, pé kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì san gbèsè òun. Washington ló kú sí ní 1880, wọn ò san án. Òṣómàáló ni òun náà, àmọ́ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Ká ní ó bi wá ni, à bá sọ fún un pé a kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìjọba.

Coloma náà ni mo ti gbọ́ pé ní 1850, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí àlejò tó bá ń wa wúrà máa san $20 lóṣù. Ogún dọ́là ní 1850! Wọ́n fagi lé e lọ́dún kejì, wọ́n tún gbé e padà ní 1852 pẹ̀lú $3, àwọn ará Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì já lé léjìká. Lónìí, àlejò àti onílé, òfin kan náà ló ń fojú wa rí màbo. Ìlọsíwájú nìyẹn, kí n má ṣe abaraámóorejẹ.

Àwọn onílé gan-an ń sunkún jù mí lọ. Bàbá kan tí a jọ máa ń pàdé létí odò ní ẹ̀rọ nínú gáréèjì rẹ̀ tó máa ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, bí irú èyí tí wọ́n fi ń fa iyanrìn ní ọ̀sà Èkó, àmọ́ kékeré. Ní 2009, Gómìnà Arnold Schwarzenegger, òṣèré sinimá yẹn, fọwọ́ sí òfin tó dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró ní gbogbo odò California. Bàbá yìí ṣì máa ń tan ẹ̀rọ náà nínú gáréèjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dákú. Ó ní òun wo gbogbo sinimá ọkùnrin yẹn, òun ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bá a kẹ́dùn. Mi ò mọ ohun tí màá tún wí.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá tí mi ò fẹ́ sọ, torí kò ran ẹjọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbọn abọ́ tán, mo rí nǹkan tó ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀, funfun bíi fàdákà, tó ń fọ́ sí méjì tó tún ń padà di ọ̀kan. Mákúrì ni. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Àwọn awakùsà ayé ijọ́un ló fi sílẹ̀; òun ni wọ́n fi máa ń mú wúrà wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù pọ́ùn 26 ni wọ́n lò nídìí wúrà ní California, èyí tó bá omi lọ nínú ẹ̀ ò kéré, ó ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá rú ẹrẹ̀ ń jí i lójú oorun. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀pá omi alágbára fọ́ òkè lulẹ̀ odindi, ẹrẹ̀ rẹ̀ á lọ bo oko àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àfìgbà tí Adájọ́ Sawyer dá wọn lẹ́kun ní 1884. Ó yé mi. Ẹ má rò pé kò yé mi. Àmọ́ ẹni tó wó òkè lulẹ̀ ti jẹ, ó ti yó, ó ti kú. Èmi tí mo bá bàálù dé pẹ̀lú àpò méjì, tí ọ̀kan kún fún gàrí, èmi ni wọ́n ń wọn ẹrẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà pé kí wọ́n bá mi dá sí i. Mo ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: ṣọ́bìrì, pọ́ùn 15, ẹsẹ̀ bàtà 20. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi tán. Wọ́n wá ní, “Àbúrò, ṣé omi ibẹ̀ ṣì mọ́?” Mo ní ó mọ́ gaara, mo máa ń rí ẹja nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí ìsàlẹ̀ odò Ọ̀ṣun mọ́. Pé odò tí ayé ń wá bọ ní Òṣogbo lóṣù Kẹjọ, tí UNESCO kọ igbó rẹ̀ sínú ìwé ogún ayé ní 2005, ó ti di tíì oníwàrà, nítorí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ lókè odò, lórí ilẹ̀ tiwa níbí. Pé òfin kùsà 2007 ní gbogbo wúrà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ abẹ́ ààrò àwọn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó wá fẹsẹ̀ wọn nǹkan kan rí. Wọ́n ní, “Ọmọbìnrin oní-fìlà tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu yẹn, ṣé o lè bá wa bẹ̀ ẹ́ kó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì? A máa bọ́ ọ. A máa fún un níyán.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ẹ̀sùn mi ò tíì tán, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo gbé ìgò mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn wúrà. Gíráàmù 1.2. Ọkùnrin tó wọn ọ́n ní kí n má mí sí i. Ìyàwó mi jókòó pẹ̀lú bírò, ó ṣírò epo ọkọ̀, ó ṣírò bàtà omi, ó ṣírò òògùn orúnkún. Kò sọ iye rẹ̀ fún mi, ó kàn ká ìwé náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò tèmi náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta wúrà láyé, ounce kan, jẹ́ gíráàmù 31.1. Bí mo bá ń bá a lọ báyìí, ìgbà tí mo bá pé ọmọ ọdún 128 ni màá ní ounce kan, tí n kò sì ní gbọdọ̀ ta èyí tó bá ti ọgbà wá nínú ẹ̀.

Sátidé tó kọjá, òjò rọ̀, mi ò lọ. Mo wọ ilé ìdáná, mo bá ìyàwó mi tó fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín fún àwọn ará ìjọ. Abọ́ wúrà mi ló gbé sínú síǹkì! Ó rẹ ẹ̀wà sínú ẹ̀, ó ti fọwọ́ bó o, ó ń yí abọ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Èèpo ẹ̀wà ń léfòó, ó ń bá omi gba etí abọ́ lọ, ẹ̀wà funfun ń jókòó sídìí ìlà gẹ́lẹ́gẹ̀lẹ̀ yẹn, ọ̀kan ò bọ́. Mi ò rí i kí abọ́ yẹn ṣiṣẹ́ báyẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti ní i.

Mo ní ohun èlò iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó ní òun mọ̀, pé òun náà ń rí èrè rẹ̀. Mo ní omi síǹkì rẹ̀ ti rú kọjá ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó ní, “Dádì, ẹ gbà, ẹ bó èyí tó kù, ata ń jóná.” Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan fún mi. Ó kúrú jù, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé abọ́ àti omi kalẹ̀, mo lóṣòó tì wọ́n. Ó tó bíi pọ́ùn mẹ́jọ.